Ní Òtígbà, Níbi tí Wọ́n ti ń Wo Àpá Ara Kọ̀ǹpútà

Bí ẹ bá ti Agége bọ̀ sí Ìkẹjà, tí ẹ sì sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lábẹ́ afárá, ẹ kò ní láti béèrè ọ̀nà Òtígbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ibẹ̀ ni yóò wá pàdé yín. Ẹ kò ní tí ì na ẹsẹ̀ tán tí ọ̀kan yóò fi di yín lápá mú, tí èkejì yóò gba iwájú yín, tí wọn yóò sì máa bi yín pé, “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ rà? Fóònù ni àbí láàpútọ́ọ̀pù? Àbí ẹ fẹ́ tún nǹkan ṣe ni?” Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ rí yóò rò pé ìjà ni. Kì í ṣe ìjà, bí wọ́n ṣe ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn nìyẹn. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ di àpò yín mú, kí ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Òpópónà kan ṣoṣo ni Òtígbà gan-an. Àdúgbò ilé gbígbé ni tẹ́lẹ̀, kí àwọn tí ń ta kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ọ́fíìsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba yàrá ìsàlẹ̀ àwọn ilé náà ní àwọn ọdún 1990. Nígbà tí fóònù GSM dé ilẹ̀ wa ní 2001, ọjà náà bú rẹ́kẹ́, ó kún Òtígbà, ó ya wọ Ọlá-Ayéni, ó ya wọ Pepple, ó wọ Ọ̀rẹ́méjì, títí gbogbo rẹ̀ fi di ohun tí a ń pè ní Computer Village lónìí. Abúlé ni wọ́n pè é o, ṣùgbọ́n èmi kò rí abúlé tí ariwo rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó pẹ́ tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń sọ pé àwọn yóò kó ọjà náà lọ sí Kátangówà, lápá Àgbádo Òkè-Odò. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, kò tíì sí ẹni tí ó kó lọ.

Kì í ṣe fàájì ló gbé mi débẹ̀. Ní ilé ìwé wa ní Abẹ́òkúta, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ dáwó láti ní kọ̀ǹpútà kan tó lágbára, tí àwọn ọmọ yóò máa fi kọ́ bí a ti í ṣe ìdánwò. Ẹ mọ̀ pé láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni ìdánwò JAMB wà. Ọmọ mìíràn ń bẹ tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ kan máòsì, bẹ́ẹ̀ ọpọlọ rẹ̀ pé, ìwé sì yé e. A wádìí, a rí i pé bí a bá ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a sì tò ó pọ̀ fúnra wa, owó tí a ó ná yóò dín. Akẹgbẹ́ mi kan tó ń kọ́ wọn ní físíìsì ló gbà láti tò ó. Ó mọ̀ ọ́n tò. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń de ìdè tó kẹ́yìn mọ́lẹ̀, sukudiráfà yọ̀ kúrò lórí ìdè náà, ó sì fi ẹnu rẹ̀ ha mọ́dábọ́ọ̀dù náà fààà, ó tó bí ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan.

Gbogbo wa dákẹ́. Akẹgbẹ́ mi dà bí ẹni tó da epo olóko sílẹ̀. ₦138,000 ni a ra bọ́ọ̀dù náà, ó ju owó oṣù rẹ̀ lọ, ó sì ti ń sọ pé kí wọ́n máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù òun. Akápò ẹgbẹ́ wa, ìyá kan tí ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, wo àpá náà, ó wò mí, ó ní, “Tíṣà, ṣé owó wa ti wọ igbó nìyẹn?” Mo ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ kí á mọ bí ó ti jìn tó ná.” Ẹnìkan ní kí á tan iná sí i kí á wò ó bóyá yóò ṣiṣẹ́. Mo kọ̀. A wé e sínú àpò tí ó bá wá láti ilé ìtajà, a dá a padà sínú páálí rẹ̀, nígbà tó di ọjọ́ Sátidé mo gbé e wọ ọkọ̀ ní Ìta-Ọṣìn.

Nípa ọ̀nà yẹn, n kò ní sọ púpọ̀. Ẹni tó bá ti gba Ewékorò àti Ìfọ̀ kọjá sí Ṣàngó Ọ̀tà ní àìpẹ́ yìí mọ bí ó ti rí. Orí itan mi ni mo gbé páálí náà lé títí a fi dé Abúlé Ẹ̀gbá, bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mọ́dábọ́ọ̀dù jẹ́ fún àwọn tí kò tí ì fojú rí i. Pátákó pẹlẹbẹ kan ni, òun ni gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń jókòó lé. Fáíbà tí a fi gọ́ọ̀mù líle mọ ni wọ́n fi ṣe pátákó náà, wọ́n sì fi bàbà fa ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín sí i lára. Àwọn ìlà wọ̀nyí ni ọ̀nà tí iná àti iṣẹ́ tí a rán ẹ̀rọ náà ń gbà láti ìhín dé ọ̀hún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi ọ̀dà bò ó, aláwọ̀ ewé tàbí dúdú, kí bàbà náà má baà rí afẹ́fẹ́. Bàbà ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an. Bí ẹ bá to irú rẹ̀ 28 lé orí ara wọn, ekukáká ni yóò fi tó milimíta kan. Irun orí wa nípọn jù ú lọ. Kì í sì í ṣe ojú òkè nìkan ni ọ̀nà wà o. Inú pátákó náà ní ìpele tirẹ̀, mẹ́rin, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, a tẹ́ wọn lé ara wọn bí abala ìwé.

Nígbà tí àwọn baba wa ń tẹ́tí sí rédíò oníbátìrì ńlá ìjelòó, wáyà gidi ni wọ́n ń fi ọwọ́ so nínú rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Ọmọ ilẹ̀ Austria kan, Paul Eisler, tí ó wá gbé ní London, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi bàbà tí a tẹ̀ sára pátákó rọ́pò wáyà. Ó fi irú rẹ̀ ṣe rédíò kan ní 1936. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà iná inú ẹ̀rọ ti ń tín-ín-rín sí i títí ó fi di ohun tí sukudiráfà kan ṣoṣo lè gé.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ yà sí ní Òtígbà, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọkùnrin ibẹ̀ kò tilẹ̀ mú bọ́ọ̀dù náà jáde tán nínú àpò rẹ̀ tí ó fi mi orí. Ó ní, “Èyí ti kú, Ọ̀gá.” Ó ní òun ní tuntun, ₦150,000, òun yóò sì bá mi gba òkú yìí ní ₦10,000. Mo bi í pé kí ni yóò fi òkú ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, kò dáhùn. Mo dúpẹ́, mo gba ẹrù mi, mo jáde. Ẹ̀yin ọlọ́jà tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ sàn jù mí lọ láti mọ ohun tó túmọ̀ sí nígbà tí ẹni tó ní ọjà kò tọ́ríta ń fẹ́ fi owó rà á.

Òpó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́yìn Ọlá-Ayéni ni wọ́n júwe fún mi lẹ́yìn náà. Yàrá náà kò fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà ilé lọ. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, kò tíì tó ẹni ogójì ọdún, Ẹnjiníà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, ọmọ iṣẹ́ méjì sì jókòó tì í. Lórí tábìlì rẹ̀ ni maikirosíkóòpù kan wà, mítà, irin tí wọ́n fi ń yọ́ òjé, ìgò sípírítì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, àti iná kékeré aláwọ̀ àlùkò irú èyí tí àwọn tó ń ṣe èékánná fún àwọn obìnrin ń lò. Ó kí mi, ó ní, “Ọ̀gá Tíṣà, ẹ jókòó. Ṣé ẹ ti tan iná sí i?” Mo ní rárá. Ó ní, “Ẹ kú orí ire. Ìyẹn ló ń pa wọ́n jù. Nígbà tí irin bá ha bàbà, ìhà bàbà a máa tú sílẹ̀, ó lè na ọwọ́ kan ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí iná bá dé bá a bẹ́ẹ̀, ohun tí kò bàjẹ́ yóò bàjẹ́.”

Ó da sípírítì sára búrọ́ọ̀ṣì, ó fi fọ àpá náà jẹ́jẹ́, ní ọ̀nà kan ṣoṣo, kò fọ̀ ọ́ síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni ó tan iná, ó dá bọ́ọ̀dù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí iná lè gba ara rẹ̀ dábùú. Ó ní kí n wá fi ojú mi wò ó nínú maikirosíkóòpù.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí a rí bí ìlà kan ní Abẹ́òkúta, oríṣi ọgbẹ́ mẹ́ta ni. Ìlà bàbà mẹ́rin ni sukudiráfà gbà kọjá. Lórí méjì, ọ̀dà nìkan ló fá: ìsàlẹ̀ àpá náà ṣì jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó kàn ṣí díẹ̀ ni. Ẹnjiníà ní kí á fi wọ́n sílẹ̀, wọn kò ní nǹkan ṣe. Lórí ẹ̀kẹta, bàbà ti hàn, ó ń dán yinrin bí etí owó bàbà, ṣùgbọ́n kò já. Lórí ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ wà. Bàbà ń dán ní apá ọ̀tún, ó ń dán ní apá òsì, ṣùgbọ́n láàárín, ohun tí ẹ ó rí kò dán mọ́, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí okùn ògbólógbòó. Fáíbà pátákó nìyẹn. Ọ̀nà ti já.

Kò gba ojú rẹ̀ gbọ́ o. Ó mú mítà. Ẹ ó rí i pé mítà yìí a máa ké bí iná bá rí ọ̀nà gbà láti ẹnu abẹ́rẹ́ rẹ̀ kan dé èkejì. Ó fi kan orí àti ìdí ìlà kìíní, ó ké. Èkejì, ó ké. Ẹ̀kẹta tí bàbà rẹ̀ hàn, ó ké. Ẹ̀kẹrin, ó dákẹ́ bí òkúta. Lẹ́yìn náà ni ó wá fi kan ìlà kan àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí kò yẹ kí ó ké rárá. Kò ké. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Kò so pọ̀ mọ́ ara wọn, kò sì wọ inú dé ìpele kejì. Bí ó bá wọ inú ni, ma ní kí ẹ máa lọ ilé.”

Mo bi í léèrè iṣẹ́ tí ìlà kẹrin náà ń ṣe. Ó tọ̀ ọ́ lọ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mítà títí ó fi dé etí bọ́ọ̀dù, níbi tí à ń so wáyà bọ́tìnnì ìtanná mọ́. Ẹ wò ó! Ìlà tí ń gbọ́ nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì ni. Ká ní a to kọ̀ǹpútà náà pọ̀ ní ilé ìwé, tí a tẹ bọ́tìnnì, kò ní dáhùn. Gbogbo wa ì bá gbà pé ó ti kú, a ì bá sì ra òmíràn, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe é ju pé kò gbọ́ ìpè.

Bí ó ti tún un ṣe nìyí. Ó fi ẹnu abẹ tuntun ha ọ̀dà kúrò lórí bàbà ní ìhà méjèèjì ibi tó já, kò ju milimíta méjì lọ ní ìhà kan. Ó fi òróró ìyọ́jé pa á, ó fi òjé díẹ̀ kan ojú méjèèjì. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fà á ní wáyà bàbà kan tó tín-ín-rín bí irun, tí wọ́n yọ láti inú fáànù kékeré tó ti bàjẹ́. Ó gé e, ó fi ẹ̀mú tẹ́ ẹ bí afárá láti ìhà kan dé èkejì, ó sì fi irin gbígbóná kàn án lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ohun tó pẹ́ ni ìmúrasílẹ̀. Ó tún mú mítà, ó ké. Ó wá kán ọ̀dà aláwọ̀ ewé kan lé orí àpá náà láti òkè délẹ̀, pẹ̀lú ìlà kẹta tí bàbà rẹ̀ hàn, ó sì gbé iná aláwọ̀ àlùkò náà lé e lórí títí ó fi gbẹ. Ó ní bí a bá fi bàbà sílẹ̀ ní ìhòòhò nínú ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa, yóò dógùn-ún bó pẹ́ bó yá. Ẹni tí kò bá ní irú ọ̀dà yìí nílé, tí bàbà kàn hàn ṣùgbọ́n tí kò já, lè fi kútẹ́ẹ̀sì tí kò ní àwọ̀ kán an díẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kan ojú ihò ibi tí à ń ki nǹkan bọ̀.

Bí a ti ń dúró kí ọ̀dà gbẹ, ọmọdékùnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, gbé tirẹ̀ wọlé. Àpá tirẹ̀ kéré sí tiwa, kò gùn ju èékánná lọ, inú mi sì dùn fún un. Ojú Ẹnjiníà kò dùn. Àárín ojú ihò tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ń wọ̀ àti ibi tí à ń ki mẹ́mórì bọ̀ ni àpá náà wà. Ó fi hàn mí: àwọn ìlà ibẹ̀ kò lọ tààrà, wọ́n ń lọ́ bí ejò. Mo rò pé ẹwà ni. Kì í ṣe ẹwà. Wọ́n lọ́ wọn bẹ́ẹ̀ kí gígùn wọn lè dọ́gba ni, nítorí iṣẹ́ tí gbogbo wọn ń jẹ́ gbọ́dọ̀ dé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fi wáyà so èyí tó já lè mú kí mítà ké, kí iṣẹ́ náà má sì dé bó ti yẹ. Ìlà mẹ́ta ló já. Ẹnjiníà ní òun kò ní gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kí òun wá fi ọ̀rọ̀ dídùn rán an lọ ilé.

Ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ní owó tí bàbá òun fi ránṣẹ́ fún oúnjẹ ni òun fi kún un. Ẹnjiníà ronú díẹ̀, ó wá ní kí ó mú mẹ́mórì rẹ̀ kúrò nínú ihò tó wà, kí ó kì í bọ ihò kejì, nítorí ọ̀nà méjì ni mẹ́mórì ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ kọ̀ǹpútà lára irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni sukudiráfà sì gé. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n wọn gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú mítà, wọ́n tan án. Ó dìde. Kò ní yára tó bó ti yẹ, ihò méjì ti kú títí ayé, ṣùgbọ́n ó gbé e lọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń dọ̀bálẹ̀ títí dé ẹnu àtẹ̀gùn. ₦2,000 ni Ẹnjiníà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi rò pé bí ó ti mọ ohun tí kò yẹ kí òun fọwọ́ kàn yẹn ju bó ti mọ òjé í lẹ̀ lọ.

Nígbà tó kan tiwa, ó so iná mọ́ ọn, ó tẹ bọ́tìnnì kan, fáànù sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo ní kí ó pa á, kí ó tún un tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́ta nítorí tèmi.

Mo bi í bí ènìyàn ṣe lè ṣe é kí irú rẹ̀ má ṣẹlẹ̀. Ó ní kí ẹni tó bá ń de ìdè gé páálí kékeré kan, kí ó tẹ́ ẹ sórí bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdè náà. Kí ó fi ìka ọwọ́ òsì di ọrùn sukudiráfà mú lẹ́bàá ẹnu rẹ̀. Kí ẹnu rẹ̀ sì bá ojú ìdè mu, nítorí èyí tó kéré ju ojú ìdè ló máa ń yọ̀. Ó tún ní kí ó ka àwọn ẹsẹ̀ idẹ kéékèèké tó wà nínú àpótí kọ̀ǹpútà kí ó tó gbé bọ́ọ̀dù lé e. Bí ẹsẹ̀ kan bá wà níbi tí bọ́ọ̀dù kò ní ihò, yóò máa họ ọ́ lẹ́yìn níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò dé, ó sì lè mú kí iná so pọ̀. Ní ti kí á dá bọ́ọ̀dù padà fún ẹni tó tà á, ẹ má ṣe ìyọnu. Bí wọ́n bá ti rí àpá, wọn kì í gbà á.

₦12,000 ni ó gbà lọ́wọ́ mi. Mo bọ́ sí ìta, mo fi fóònù pe Ìyá ní Ìtòkú. Mo ní, “Ìyá, owó wa kò wọ igbó o. Ó ti ṣiṣẹ́.” Ó yin Ọlọ́run, ó bi mí pé èló ni wọ́n gbà, mo sọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ẹ gba rìsíìtì.” Mo padà gun òkè. Ẹnjiníà kò ní ìwé rìsíìtì. Ó fà ojú ewé kan ya nínú ìwé ìjíròrò ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé òun so ìlà kan, òun sì bo méjì, ó fi ọwọ́ sí i, ó sì fi ọjọ́ náà sí i.